Ọmọ iṣẹ́ wa tí máṣíìnì gé lọ́wọ́ fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, báwo la ṣe máa ṣe é?

AdminÌlúpéjú:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìlúpéjú ni mo wà, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù la máa ń ṣe, èmi ni mò ń mójú tó owó oṣù àti fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́, kò sí HR kankan níbẹ̀ tó ju èmi náà lọ. Ọmọkùnrin kan tó wà nídìí máṣíìnì tó ń gé ọ̀rá, ọ̀rá há sínú ẹ̀, ó fẹ́ fà á yọ láìpa iná, abẹ bá já wálẹ̀ ó gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Ilé ìwòsàn egungun n'Ígbóbì ló ti gba ìtọ́jú. Ọ̀gá wa san owó ìwòsàn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ní báyìí ọmọ yẹn pè mí pé ara òun ti ń yá, òun fẹ́ padà. Ọ̀gá ní bí kò bá ti lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ká fún un ní ₦100,000 kó máa lọ, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní béèrè nǹkankan mọ́. Súpáfáísọ̀ ní tiẹ̀ ní ká dá a padà sídìí máṣíìnì yẹn lọ́jọ́ tó bá ti dé, kí ẹ̀rù má baà jókòó sí i lára. Èwo ni ká ṣe nínú méjèèjì? Kásúà ni o, kò ní léta kankan lọ́wọ́, ṣé NSITF tí mò ń gbọ́ yẹn, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, tiẹ̀ kan irú ẹ̀?

MàmáHR_Apápá:
Àbúrò, kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì.

Ó kan irú ẹ̀ dáadáa. Òfin owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́, Employees' Compensation Act, tí wọ́n ṣe ní 2010, kásúà wà níbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, àní ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé pàápàá. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá máa san fún NSITF lóṣooṣù, ìyẹn pé bí gbogbo owó oṣù yín bá jẹ́ ₦2,000,000, ₦20,000 ni, kò sì gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ ẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Wọn kì í béèrè pé ẹ̀bi ta ni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa sọ pé "òun ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́".

Ìwé tí ọ̀gá yín fẹ́ kó fọwọ́ sí yẹn, bébà lásán ni. Òfin yẹn sọ pé òṣìṣẹ́ ò lè bá ọ̀gá ẹ̀ ṣàdéhùn láti yááfì ẹ̀tọ́ ẹ̀, bó bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i, kò dúró. Ọ̀gá yín á ná ₦100,000, ọmọ yẹn ṣì lè gbé e lọ sí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ n'Íkòyí. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá yín, á gbọ́.

Ọjọ́ 7 ló yẹ kí ilé iṣẹ́ fi ròyìn ìjàǹbá fún NSITF, òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá ẹ̀. Tiyín ti pẹ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí ọdún kan ni wọ́n fún òṣìṣẹ́ láti béèrè owó gbà-máà-bínú.

Fíṣíò_Sùúrùlérè:
Ẹ má fi ojú egbò wo ọwọ́ o. Egbò lè jinná lókè kí oríkèé ìka ṣì le gbagidi, kó má lè di nǹkan mú dáadáa, ojú ibi tó gé yẹn sì máa ń ta èèyàn burúkú bí nǹkan bá kàn án, òtútù AC náà máa ń jẹ́ kó ro èèyàn. Bẹ́ẹ̀ bó bá jókòó sílé tí kò lo ọwọ́ yẹn rárá, ńṣe lá tún máa le sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn pé kó padà, àmọ́ kì í ṣe sídìí abẹ.

Àṣìṣe kan tí àwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n máa ń ní kí aláìsàn lọ gba ìwé "ó ti yá" wá. Dókítà ò mọ máṣíìnì yín, kò débẹ̀ rí. Ìwọ gan-an jókòó kọ iṣẹ́ ọmọ yẹn sílẹ̀ ní ojú ìwé kan: ó máa ń dúró fún wákàtí mélòó, kílò mélòó ló ń gbé, ọwọ́ wo ló fi ń fà, ooru ibẹ̀ ńkọ́. Kó mú un dání lọ bá wọn, kí dókítà kọ ohun tó lè ṣe àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ tíì ṣe, kó sì kọ ọjọ́ tó máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé yẹn lẹ máa tẹ̀ lé. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ọjọ́, bí ọwọ́ ò bá wú tí kò ro ó lálẹ́, ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Atẹ̀wé_Ṣómólú:
Ẹ̀yin òyìnbó dúdú 😂 èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Díísù ń pa wá, kọ́sítọ́mà ń jẹ wá ní gbèsè, ẹ wá ní kí n máa san owó fún ẹni tó máa wá jókòó. Iṣẹ́ ìdẹ̀rùn wo ló wà ní ilé iṣẹ́ èèyàn mẹ́jọ?

MàmáHR_Apápá:
@Atẹ̀wé_Ṣómólú ẹ̀gbọ́n, ó wà, ẹ ò kàn tíì kà á ni. Ta ló ń wọn ọ̀rá, tàbí bébà ní tiyín? Ta ló ń kọ iye tó jáde sílẹ̀? Ta ló ń ṣa èyí tí ò dáa kúrò? Ẹni tó wà nídìí máṣíìnì ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ mọ́ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì lé e lọ, ẹni tuntun tẹ́ ẹ máa kọ́ níṣẹ́, bébà mélòó ló máa bà jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n? Àwọn ọmọ tó kù náà ń wò yín o, bí ọ̀kan nínú wọn bá tún fara pa, á fi pa mọ́ ni.

Ọmọ_Orílé:
Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, páálí ló já lé mi lẹ́sẹ̀ ní wíàháùsì. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé, ẹnì kan ò pè mí, àyàfi ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí mo tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí. Ìgbà tí mo padà, wọ́n fún mi ní àga lẹ́nu géètì, kò síṣẹ́, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Alága. Ẹsẹ̀ ò lé mi kúrò níbẹ̀, àga yẹn ló lé mi. Ẹ fún un níṣẹ́ tó jẹ́ iṣẹ́ jàre, kẹ́ ẹ sì bi òun gan-an léèrè èyí tó rò pé òun lè ṣe, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín látòkè, kò sẹ́ni tó tíì bi í.

AdminÌlúpéjú:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo pè é lálẹ́ àná. Ó ní òun lè wọn ọ̀rá, òun sì lè kọ̀wé torí ọwọ́ òsì lòun fi ń kọ̀wé látilẹ̀wá, mi ò mọ̀ rí! Ó ní òun ò fẹ́ rí máṣíìnì yẹn sójú fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ti kóòtù, ó ní ká gbé bébà yẹn sọnù. Mẹkáníìkì ń bọ̀ wá fi irin bo ojú abẹ, á sì gbé súwíìṣì wá síbi tọ́wọ́ lè tó o. Ó ku ọ̀kan: bó bá ń ṣe ìdajì ọjọ́, ṣé ìdajì owó ni ká san?

MàmáHR_Apápá:
Ẹ san odindi. Ìdajì owó lá mú kó purọ́ fún yín pé ọwọ́ ò ro òun mọ́. Kẹ́ ẹ sì kó ìwé Igbóbì, rìsíìtì owó ìwòsàn àti ìwé owó oṣù ẹ̀ dání tẹ́ ẹ bá ń lọ sí NSITF, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.