Ọ̀pá ìpẹja wo ni ó yẹ fún ẹja kápù ní adágún tí kò fẹ̀ púpọ̀?

Akọ́wọ̀Ìwọ̀ béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ìwọ̀ dunjú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀pá kékeré pa ẹja wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ní báyìí ọkàn mi ti fà sí ẹja kápù, mo sì fẹ́ ra ọ̀pá tí a dìídì ṣe fún un. Adágún tí mo ń lò kò fẹ̀ púpọ̀. Ibi tí ó jìnnà jù lọ tí mo lè fẹ́ ju ìwọ̀ dé kò ju mítà 60 lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹja náà sì máa ń jẹun ní etí omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn koríko tí ó hù sínú omi. Ẹni tí ó ń ta ọ̀pá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n mú èyí tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 13, tí test curve rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a kọ sí ara ọ̀pá láti fi bí ó ṣe le tó hàn, jẹ́ pọ́n-ùn 3.5, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni ẹja tí ọ̀pá lè gbé yóò ṣe tóbi tó. Nígbà tí mo dì í mú, ó le gbagidi lọ́wọ́ mi, ìyẹn ni ó sì mú kí n dúró kí n tó sanwó. Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí ó sọ? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó yẹ kí n fi yan ọ̀pá?

ApẹjaÀfẹ̀mọ́júmọ́ dáhùn pé:

Ó dára bí ẹ ṣe béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà yẹn kò sọ ohunkóhun nípa ìwọ̀n ẹja. Ohun tí ó ń sọ ni pé, bí a bá de ìdí ọ̀pá mọ́lẹ̀ kí ó má lè mira, tí a sì fi okùn so ẹrù rọ̀ mọ́ orí rẹ̀, báwo ni ẹrù náà yóò ṣe wúwo tó kí orí ọ̀pá tó tẹ̀ wálẹ̀, tí yóò fi bá ìdí rẹ̀ ṣe igun dígírì 90. Ọ̀pá tí a kọ pọ́n-ùn 3 sí lára ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 1.36 kí ó tó tẹ̀ débẹ̀. Láti ara èyí ni àwọn apẹja ti ń mú òṣùwọ̀n kan tí ó rọrùn láti rántí, pé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí a kọ sí ọ̀pá dúró fún áúnsì kan òjé, ìyẹn ẹrù tí a ń so mọ́ okùn kí ó lè lọ jìnnà, tí ọ̀pá náà yóò jù dáadáa, tí ó fi jẹ́ pé òjé áúnsì 3, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 85, ni ó bá ọ̀pá pọ́n-ùn 3 mu. Òṣùwọ̀n àfojúdá ni, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i nínú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ jíjù ni nọ́ńbà náà ń sọ.

Ọ̀pá pọ́n-ùn 3.5 wà fún ẹni tí ó ń ju òjé wúwo kọjá mítà 100. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ wá sí adágún yín, ibi tí yóò ti já yín kulẹ̀ ni etí omi níwájú yín gan-an, nígbà tí ẹja bá ti sún mọ́ yín. Ètè kápù jẹ́ ẹran rírọ̀, kò sì ní eyín lẹ́nu rárá. Ọ̀nà ọ̀fun ni eyín rẹ̀ wà, níbi tí ó ti ń fọ́ ìgbín omi àti àwọn nǹkan líle mìíràn. Nígbà tí ẹja bá ṣì wà lókèèrè, okùn gígùn tí ó wà láàárín yín yóò máa nà díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa gba lára agbára rẹ̀. Bí ó bá ti kù bíi mítà mẹ́ta kí ó dé ọ̀dọ̀ yín, okùn ti kúrú jù láti nà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà yẹn gan-an ni kápù fẹ́ràn láti dojú bolẹ̀ lójijì, tí yóò sì tún sá lọ. Ọ̀pá nìkan ni ó kù tí ó lè tẹ̀ fún un. Bí ọ̀pá bá kọ̀ tí kò tẹ̀, ìwọ̀ yóò fa ètè ya tàbí kí ó já bọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtóbi ẹja dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 1952, ní adágún Redmire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apẹja kan tí ń jẹ́ Richard Walker mú kápù tí ó wọn pọ́n-ùn 44, ọparun tí a là tí a sì lẹ̀ pọ̀ ni ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, test curve rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 1.5 péré.

OmiDákẹ́ dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí ApẹjaÀfẹ̀mọ́júmọ́ sọ, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó béèrè má ṣe torí rẹ̀ lọ ra ọ̀pá tí ó rọ̀ jù. Ó sọ pé koríko wà nínú omi náà. Bí kápù bá ti mọ̀ pé ìwọ̀ ti gbé òun, inú koríko ni yóò kọ́kọ́ sá sí, ọ̀pá sì gbọ́dọ̀ ní agbára tó ní ìsàlẹ̀ láti yí orí ẹja náà padà kí ó tó wọlé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òjé nìkan kọ́ ni à ń jù. Bí ẹ bá so àpò ìjẹ tí ó ń yòrò nínú omi mọ́ òjé áúnsì 2, àpapọ̀ ẹrù náà ti lè sún mọ́ áúnsì 3. Nítorí náà, láàárín pọ́n-ùn 2.75 sí 3 ni èmi yóò dúró sí. Okùn tí ẹrù tí ó lè gbé kí ó tó já kò yàtọ̀ púpọ̀ sí pọ́n-ùn 15 yóò bá a lọ, nítorí òṣùwọ̀n àtijọ́ kan wà tí ó ní kí a fi 5 sọ test curve di púpọ̀ kí a tó yan okùn, ó sì ṣì wúlò títí di òní.

Ní ti gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni mo fara mọ́. Ó ń gbé okùn sókè kúrò lára koríko etí omi, ó sì ń jẹ́ kí a lè darí ẹja yí ewu ká láìjẹ́ pé a kúrò lójú kan. Kìkì ibi tí ẹ̀ka igi bá ti bo orí apẹja ni ẹsẹ̀ bàtà 9 tàbí 10 ti dára jù ú lọ. Ti 13, kò sí ohun tí yóò fún yín ní mítà 60 ju kí apá máa ro yín lọ.

Akọ́wọ̀Ìwọ̀ tún béèrè pé:

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti lóye. Kò sí igi lórí ibi tí mo ń jókòó sí, nítorí náà mo ti gbà pé ẹsẹ̀ bàtà 12 ni n óò rà, kí ó jẹ́ ti pọ́n-ùn 2.75. Ṣùgbọ́n ọ̀pá méjì ni mo rí tí a kọ nọ́ńbà kan náà sí, wọ́n kò sì jọra lọ́wọ́ rárá. Ọ̀kan jẹ́ kábọ́nù tín-ínrín tí ó fúyẹ́, èkejì nípọn díẹ̀, àlòkù sì ni. Kí ni kí n máa wò lára wọn?

AtúnỌ̀páṢe dáhùn pé:

Ọ̀pá méjì lè ní nọ́ńbà kan náà kí wọ́n sì máa tẹ̀ lọ́nà tí ó yàtọ̀ pátápátá, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀pá ti ń tẹ̀. Ẹ de kẹ̀kẹ́ okùn mọ́ ọn, ẹ fa okùn gba inú gbogbo òrùka rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa fa okùn náà díẹ̀díẹ̀ lókèèrè bí ẹ ṣe ń gbé ọ̀pá sókè. Òmíràn wà tí orí rẹ̀ nìkan ni yóò tẹ̀. Ó ń jù jìnnà, ṣùgbọ́n ó le sí ẹja nítòsí. Òmíràn yóò tẹ̀ láti orí dé ibi tí ẹ dì mú. Ìyẹn dùn lọ́wọ́, ó sì ṣàánú ètè ẹja, àmọ́ kò ní jù jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Fún adágún yín, ẹ wá èyí tí orí rẹ̀ tètè ń tẹ̀, tí àárín rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e bí a ti ń fa okùn le sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ọwọ́ di orí ọ̀pá mú kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí ó ń kán nínú ilé ìtajà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kán.

Kábọ́nù tín-ínrín máa ń fúyẹ́, ó sì máa ń tètè nà padà lẹ́yìn jíjù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí nǹkan gbá òun. Níbi tí òjé tàbí òkúta bá ti gbá a, ó lè kán níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, bí ojú ibẹ̀ tilẹ̀ dà bí ìhàrí lásán. Nítorí èyí, ẹ fi ìka tọ ara àlòkù náà láti òkè délẹ̀, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó. Ẹ to ó pọ̀, ẹ mì í, kí ẹ sì tẹ́tí sí oríkèé rẹ̀. Kò gbọdọ̀ máa ró kọ̀-kọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa òwú gba inú òrùka kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí inú òrùka bá ti sán, bó ti wù kí ojú sísán náà kéré tó, òwú yóò há sí i, irú òrùka bẹ́ẹ̀ yóò sì máa gé okùn yín láìjẹ́ pé ẹ mọ ohun tí ó fà á. Òrùka àkọ́kọ́ láti ìdí sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 40 tàbí 50. Èyí tí ó fẹ̀ jù wúlò fún kẹ̀kẹ́ okùn ńlá àti jíjù ọ̀nà jíjìn. 40 tó yín.

Kábọ́nù ń gbé iná mànàmáná. Ẹ má ṣe gbé ọ̀pá yìí kọjá lábẹ́ wáyà iná, bí ààrá bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ sì jìnnà sí i.

ApẹjaÀfẹ̀mọ́júmọ́ fi kún un pé:

Bí òfin adágún yín bá gba ọ̀pá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ sì fẹ́ ní èkejì lẹ́yìn èyí, ẹ ra irú kan náà gan-an, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ okùn kan náà. Ẹni tí ó ń fi ọ̀pá méjì tí kò dọ́gba pẹja yóò máa ju ọ̀kan kọjá ibi tí ó fẹ́, èkejì kò sì ní débẹ̀.