Fíìmù ẹ̀yìn-pupa kì í ṣe fíìmù ooru

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi,

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe àwọn nǹkan iṣẹ́ fọ́tò. Ẹnì kan nínú wa dábàá pé kí á máa pe infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí tó wà lẹ́yìn pupa, ní "ìtànṣán ooru", kí fíìmù tó ń gbà á sì máa jẹ́ "fíìmù ooru". Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Orúkọ yẹn yóò ṣi ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́nà.

Ibi tí ooru ti wọ ọ̀rọ̀ náà yé mi. Lọ́dún 1800, William Herschel fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀, ó gbé tẹmómítà sí ẹ̀yìn ibi tí pupa parí sí, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ó sì gbóná ju ibi tí pupa fúnra rẹ̀ wà lọ. Ṣùgbọ́n fíìmù kì í ṣe tẹmómítà. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára nǹkan ló ń gbà. Kodak HIE, fíìmù infrared kan tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní 2007, ń ríran dé nǹkan bíi nànómítà 900 (nànómítà la fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀); Rollei Infrared, fíìmù mìíràn, kò ju bíi 820 lọ. Ooru ara ènìyàn ńkọ́? Ó wà ní àyíká 10,000! Ẹ gbé ìkòkò omi híhó sínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, kí ẹ ṣí kámẹ́rà sí i mọ́jú: fíìmù náà kò ní rí i.

Ewé tún jẹ́rìí sí i. Nínú fọ́tò tí a fi irú fíìmù yìí yà, ewé tútù á funfun báláú, ojú ọ̀run á dúdú. Bó bá jẹ́ ooru ni, òkúta tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ ni ì bá funfun jù. Àlàfo kéékèèké inú ewé ló ń ta ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa padà.

Nítorí náà, "ẹ̀yìn-pupa" ni mo fara mọ́. "Abẹ́-pupa" tí àwọn kan mú wá kò burú, àmọ́ a máa ń fi gíláàsì pupa bo lẹ́ǹsì nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá gbọ́ "abẹ́-pupa" lè rò pé abẹ́ gíláàsì yẹn là ń wí.

Ní ti "fọ fíìmù", ìyẹn fífi oògùn mú àwòrán jáde lára fíìmù, tí àwọn kan fẹ́ yí padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí kọ́ là ń fọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Omi tí a fi ń ṣan fíìmù níkẹyìn ni kí á pè ní "ṣíṣàn". Ohun tó yẹ kí á tẹnu mọ́ ni pé inú òkùnkùn pátápátá la ti ń ki HIE sínú kámẹ́rà, inú rẹ̀ náà la ti ń kó o sínú agolo ìfọfíìmù. Kí agolo náà sì jẹ́ irin, nítorí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa ń gba inú àwọn ike kan kọjá.

Ó ku filter, ìyẹn gíláàsì aláwọ̀ tí a ń fi bo lẹ́ǹsì. Mo dábàá "asẹ́ ìmọ́lẹ̀". Èyí tí wọ́n ń pè ní R72 ń dá ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí dúró, ó sì ń jẹ́ kí èyí tó ju nànómítà 720 lọ kọjá. Ta ló ní èyí tó dára jù ú lọ?