Ìdì ẹ̀fínrín tí mo jó nínú yàrá bàbá mi

Ó ti pé ọdún méjì tí bàbá mi ti pa ipò dà kí àwa ọmọ tó pinnu láti ṣí yàrá wọn nínú ilé wa ní Ọ̀yọ́, èyí tí a ti tì pa láti ọjọ́ ìsìnkú. Òórùn ìgbẹ́ àdán láti òkè àjà àti ti aṣọ tó ti bu ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. A gbá a, a fọ̀ ọ́, a kun ògiri rẹ̀ ní ọ̀dà, síbẹ̀ òórùn náà kò kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi kò gbà láti sùn níbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé àwọn kan lára àwọn onílé-onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, máa ń fi èéfín ewé kan tí wọ́n ń pè ní white sage, tó ń hù ní gúúsù California, gbàdúrà. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan ti ń wọ igbó jí ewé náà gé láti tà. Ẹ̀fínrín wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa, òun náà sì ni ìyá àgbà máa ń dà sórí ẹyín iná nínú àpáàdì nírọ̀lẹ́ tí ẹ̀fọn bá pọ̀. Dídì tí wọ́n ń di ewé pọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó jó o nìkan ni mo yá lò.

Ìdì àkọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́. Ìgbà òjò ni, mo gé ewé náà pẹ̀lú ìrì lára rẹ̀, mo fi okùn ọ̀rá dì í le dan-in dan-in títí ó fi tó ọrùn ọwọ́ mi, mo sì fi í kọ́ fún ọjọ́ márùn-ún péré. Nígbà tí mo tanná ràn án, ẹ̀yìn rẹ̀ jó, inú rẹ̀ ń hó ṣìì, okùn náà yọ́, ó ń kán sílẹ̀. Mo tú u, mo rí i pé àárín rẹ̀ ti bu funfun. Òórùn ọ̀rá tó jóná wá gba yàrá náà kan. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sunkún, torí pé yàrá bàbá mi ni mo sọ di bẹ́ẹ̀.

Ìyá elewé ọmọ kan ní ọjà Akẹ̀sán ló tọ́ mi sọ́nà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí oòrùn gbẹ ìrì kí n tó gé e, ṣùgbọ́n abẹ́ ibòji ni kí n sá a sí, nítorí oòrùn líle máa ń gbé òórùn dídùn rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti rọ, kí n fi òwú dì í, kí ó má le jù, kí ó má sì tóbi ju àtàǹpàkò méjì lọ. Èèpo ọsàn gbígbẹ lè wà láàárín rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ni kí n fi kọ́, títí igi rẹ̀ yóò fi máa dá pó bí a bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé kí n bu yanrìn sí àpáàdì tí n óò gbé sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ iná kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́nu ará Akẹ̀sán láti ìgbà tí iná ti jó ọjà náà ní oṣù kìíní ọdún 2020.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo tún un ṣe. Mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo sì kọ́kọ́ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní ikọ́ fée lọ sílé aládùúgbò. Èmi kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé èéfín ewé kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Mo tanná ran ṣóńṣó ìdì náà, mo fẹ́ ahọ́n iná rẹ̀ pa kí ó lè ku ẹyín tí ń rú èéfín, mo sì rìn láti kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ibùsùn bọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ki bàbá mi ní oríkì wọn. Mo tẹ èyí tó kù bọ inú yanrìn títí ó fi kú pátápátá.

Mo sùn nínú yàrá náà mọ́jú lọ́jọ́ náà. Ààbọ̀ ìdì náà ṣì wà nínú àpáàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà bàbá mi.