Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, àdúgbò ṣì mọ̀ ọ́n: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí lórí ìwádìí ìjọba

Ọmọ Ọbòkun
Ẹ kú ilé o. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé ní Iléṣà, tí mò ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè fún iṣẹ́ ìwádìí ìjọba. Ẹ ti rí irú wa rí: káàdì lọ́rùn, táblẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ajá ń gbó tẹ̀ lé wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ò kúrò lọ́kàn mi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Apá Ìsọ̀kun ni. Opó kan ni, ó ń dín àkàrà níwájú ilé. Mo ka ìwé ìfọwọ́sí sí i létí bí wọ́n ṣe kọ́ wa: kì í ṣe dandan kó dáhùn, ó lè ní kí n dúró nígbà tó bá wù ú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ló bá gbé epo kúrò lórí iná, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí i lọ́mọ. Mi ò ní sọ ọ́ níbí náà.

Nígbà tí ìròyìn ìwádìí jáde, wọ́n fi ìtàn èèyàn bíi mélòó kan sí i kó lè dùn ún kà. Orúkọ kankan ò sí níbẹ̀ o. Ohun tí wọ́n kọ ni pé opó kan, alákàrà, tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, ní àdúgbò báyìí ní Iléṣà. Ìbejì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, mo gbà, Ìgbó-Ọrà nìkan kọ́ ló ni wọ́n. Àmọ́ alákàrà mélòó ló bí wọn lẹ́ẹ̀mejì ládùúgbò kan? Ní ìlú tó jẹ́ pé bí o bá ṣáà ti ní "bàbá tó ń tiro yẹn", wọ́n á bá ẹ ka oríkì rẹ̀ dé orí bàbá ńlá! Níbi ìpàdé tí wọ́n ti pín ìwé náà, ọmọ àdúgbò kan wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí ẹbí ọkọ.

Mo lọ bá a. Kò pariwo. Ó ń ta àkàrà fún àwọn ọmọ iléèwé, ó dá wọn lóhùn tán, ó wá bi mí pé, "Àbúrò, ìwọ kọ́ lo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀?" Mo ní kó ta ti igba náírà fún mi. Ó kọ owó mi.

Bàbá Ṣeun, Lágere
Tèmi ò pọ̀. Àwọn méjì kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní ìwádìí ìjọba ni. Ọmọ mélòó, òrùlé páànù tàbí ewé, kò burú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà BVN mi. Ìyàwó mi ló bi wọ́n léèrè pé ṣé BVN ló ń sọ bí ebi ṣe ń pa wá ni. Wọn ò dúró dáhùn.

Akọ̀wé Ifẹ̀
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọbòkun, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, torí èmi ni mo máa ń kó ohun tí ẹ bá gbà wálé sínú kọ̀ǹpútà, ní Ifẹ̀ níbí.

Wọ́n kọ́ wa pé orúkọ àti ìdáhùn ò gbọdọ̀ jọ sùn nínú yàrá kan. Nọ́ńbà la ń fún ilé kọ̀ọ̀kan, ìwé tó sọ ẹni tó ni nọ́ńbà á wà lọ́tọ̀. Ó dáa. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì bàjẹ́. Mo fi fláàṣì gbé ìwé orúkọ yẹn gan-an lọ tẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Mayfair. Ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ tẹ nǹkan mìíràn, mo wojú kọ̀ǹpútà wọn: fáìlì mi rèé, láàárín ìwé ìpè ìgbéyàwó àti iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ, fóònù, ojúlé. Mo pa á rẹ́, mo lọ sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní, "Ṣé o ti pa á rẹ́? Ó ti parí nìyẹn."

Òfin ìdáàbòbò dátà, ìyẹn ọ̀rọ̀ nípa èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ò tíì jáde nígbà yẹn. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i. Lónìí, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ tó sì lè kó bá àwọn tó ni ọ̀rọ̀, wákàtí 72 péré ni wọ́n ní láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin náà, létí. Bí ewu rẹ̀ bá pọ̀, kí wọ́n sọ fún onítọ̀hún fúnra rẹ̀ láìfi falẹ̀.

Ti alákàrà yín yẹn, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe. Ẹ wo ìwádìí ìlera ńlá tí wọ́n ń pè ní NDHS, bíi ti 2018. Kí wọ́n tó fún àwọn onímọ̀ ní àmì ibi tí wọ́n dé lórí máàpù, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ sún un kúrò níbi tó wà: ó lè tó kìlómítà 2 ní ìgboro, 5 ní abúlé. Bó bá kan ìbéèrè bóyá ọkọ ń na ìyàwó, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi nínú ilé kan, bí kò bá sì sí ibi ìkọ̀kọ̀, wọ́n á fò ó. Ẹni tó ń sún odindi àdúgbò kúrò lójú máàpù, ẹ wo bó ṣe rọrùn tó fún wọn láti sọ alákàrà di ẹlẹ́ja.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Kékeré
Ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Bí gbogbo wa bá ti ilẹ̀kùn, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé a ò lómi?

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọbòkun, ẹ má bínú, mo ní ìbéèrè kan. Ọmọ Iléṣà ni mí. Ẹ ti dárúkọ Ìsọ̀kun, ẹ ti dárúkọ àkàrà, ẹ ti sọ ti ìbejì. Mo ti fẹ́ pe màmá mi báyìí kí n bi í pé ta ni.

Ọmọ Ọbòkun
Kì í ṣe Ìsọ̀kun, àbúrò. Kì í ṣe àkàrà. Ti ìbejì, má bi mí.