Níbo ni mo ti lè rí pátákó tí wọ́n fi ń tẹ ewé gbẹ, àbí kí n kúkú ní kí káfíńtà ṣe é?

Ọmọ Ẹlẹ́wé Bódè:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ń ta ewé àti egbò ní ọjà Bódè n'Íbàdàn, iṣẹ́ tí mo gbọ́njú bá lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Kò sí ewé tí ẹ máa fi hàn wọ́n tí wọn ò ní pè lórúkọ, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Àgbà ti dé sí wọn báyìí, wọn kì í wọgbó mọ́, àwọn tó ń já ewé wá fún wọn sì ti ń gbé ọ̀kan wá dípò òmíràn. Mo fẹ́ tẹ ewé kọ̀ọ̀kan gbẹ, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ béébà, kí n kọ orúkọ tí Màmá ń pè é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ mi lè fojú rí ohun tí ìyá wọn àgbà ń sọ.

Fọ́tò nìkan ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ewé méjì tó bá jọra, bí ìbejì ni wọ́n ṣe máa ń rí nínú fọ́tò. Ewé gbígbẹ ni èèyàn lè yí padà, kó wo irun ẹ̀yìn rẹ̀, kó wo bó ṣe so mọ́ ẹ̀ka.

Mo ti wá pátákó ìtẹ-ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo rí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ti àwọn tó ń fi òdòdó ṣe káàdì ni, owó tí wọ́n fi máa gbé e wá láti òkè òkun sì ju owó ọjà gan-an lọ. Inú ìwé ńlá tí àwọn kan ní kí n máa kì í bọ̀, ewé máa ń bu níbẹ̀ lásìkò òjò yìí. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó tóbi? Bó bá sì jẹ́ ká ṣe é ni, kí ni kí n sọ fún káfíńtà? Ẹ tún bá mi dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ewé olómi, bí ọ̀dúndún, rinrin àti àbámọdá.

Káfíńtà Ṣakí:
Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan. Káfíńtà tó mọṣẹ́ á ti parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ní kó gé pílíwúùdù méjì fún yín, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ 12, kó fi sáńpépà ra etí rẹ̀ dáadáa. Bí agbára bá ká a, kó fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án lóròó àti ní ìbú dípò pílíwúùdù, kí àyè wà láàárín wọn tí afẹ́fẹ́ á máa gbà kọjá. Èyí sàn ju pílíwúùdù tó dí pa lọ.

Àwọn kan á ní kí ẹ lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ ki bóòtì gígùn bọ̀ ọ́, kí ẹ fi nọ́ọ̀tì abìyẹ́ fún un. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn fún irú iṣẹ́ tiyín. Bóòtì ní ibi tí gígùn rẹ̀ mọ. Ọjọ́ tí ewé bá pọ̀, kò ní dé òkè. Rọ́bà tíúbù tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù ni kí ẹ rà, ẹ fi ọ̀kan di apá kan, ẹ fi ìkejì di apá kejì. Bí ewé bá ṣe ń gbẹ tó ń pẹlẹbẹ sí i, rọ́bà á máa fún un tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ okùn lásán, á dẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ewé á sì ká kò.

Ọmọ Ẹlẹ́wé Bódè:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Rọ́bà tíúbù ò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko:
Ẹ̀gbọ́n káfíńtà ti sọ̀rọ̀ tán lórí pátákó. Ṣùgbọ́n pátákó kì í gbẹ ewé o, ṣe ló ń mú kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Béébà ló ń fa omi rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé omi náà lọ. Ìdí nìyí tí ewé fi ń bu nínú ìwé ńlá: kò síbi tí ọ̀rinrin máa gbà jáde.

Ẹ wá páálí Indomie tàbí ti bisikíìtì. Tí ẹ bá wo etí ibi tí wọ́n ti gé e, ẹ máa rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ gé e kó ṣe déédéé pátákó, kí àwọn ihò yẹn sì gba apá tó kúrú, ìyẹn apá íǹṣì 12, kí ọ̀nà má baà jìn fún afẹ́fẹ́. Ẹ tẹ́ páálí kan sórí pátákó, ẹ kó ìwé ìròyìn bíi mélòó kan lé e, kí ẹ wá gbé ewé tó wà nínú ìwé ìròyìn tí ẹ ṣẹ́ po lé wọn lórí. Ìwé ìròyìn tún kàn, páálí tún kàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe máa tò ó lọ. Béébà magasíìnì tó ń dán kò wúlò níbí, kì í fa omi.

Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ tú u. Ewé á ti rọ̀ nígbà yẹn, ọwọ́ lè tún un ṣe: ẹ na èyí tó ká, ẹ yí ewé kan dojú bolẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, ẹ la òdòdó kan sí méjì tó bá ki. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ò ní lè ṣe é mọ́, ṣe ló máa ṣẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ béébà ìta ní àràárọ̀, pàápàá ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ sá àwọn tó tutù sóòrùn kí ẹ tún fi ṣe ti ọjọ́ kejì. Èyí tí ewé wà nínú rẹ̀ gan-an, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ fi ewé náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Tó bá tutù lára, omi ṣì wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó le tó lọ́wọ́.

Ìyá Aláàgbo:
Ọmọ mi, o ṣeun tí o ronú kan ìyá rẹ. Má já ewé nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ ràn sí i. Já a pẹ̀lú ẹ̀ka, pẹ̀lú òdòdó, pẹ̀lú èso tó bá ní. Tó bá jẹ́ ewé kékeré bí rinrin, hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Ewé kan ṣoṣo, àwa tí a ń tà á pàápàá lè ṣì í mọ̀.

Ní ti àbámọdá, oò lè tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Kì í kú. Inú béébà náà ni á ti máa bímọ ní etí ewé, wàá ṣí i, wàá rí ọmọ ewé tútù pẹ̀lú gbòǹgbò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko:
Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á ni. Ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ tó kó o sáàárín béébà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dúndún, rinrin àti gbúre. Òdòdó wọn ni kí ẹ má rì, omi gbígbóná á bà á jẹ́. Ẹ fi àwọn ewé olómi sínú pátákó tiwọn lọ́tọ̀, kí ọ̀rinrin wọn má baà ran àwọn tó kù.

Bàbá Lẹ́sìn:
Ṣé wọn ò lè fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kíá, kí gbogbo wàhálà béébà yìí parí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko:
Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún káàdì, sà, ó sì ń lẹ́wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé tí a fẹ́ kí ọmọ-ọmọ bá láyé, mi ò ní gbà kí wọ́n lọ̀ ọ́. Ooru tó pọ̀ lójijì ń mú kó gbẹ gan-an kó sì máa rún. Tí òjò ò bá dá, ẹ gbé pátákó náà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú fáànù, kí atẹ́gùn kọjú sí ihò páálí. Tí oòrùn bá yọ, ẹ gbé e síta bẹ́ẹ̀ ní dídì, ẹ má tú ewé síta lásán.

Ará Peckham:
Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un látọ̀dọ̀ wa níbí. Ní ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ewé gbígbẹ tí wọ́n kó pamọ́ tó bíi mílíọ̀nù méje. Charles Barter, onímọ̀ ewéko tó bá ikọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie darí lọ sí odò Ọya ní 1857, tó sì kú sí Rabba létí odò náà ní 1859, ewé tó tẹ̀ nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n wúlò ni ìwé pélébé tó wà lára wọn: ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a, ẹni tó já a. Àǹtí, ẹ kọ ìlú, ẹ kọ irú ilẹ̀ (àkùrọ̀ ni, ẹ̀bá ọ̀nà ni, oko kòkó ni), ẹ kọ bí igi ṣe ga tó. Ẹ kọ àwọ̀ òdòdó kó tó wọ pátákó, torí pé àwọ̀ máa ń ṣá. Òórùn náà, ẹ kọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kọ ọ́, ẹ má fi dúró.

Ìyá Aláàgbo:
Kí o sì kọ ìlú tí orúkọ ti wá. Efinrin ńlá wà, efinrin wẹ́wẹ́ wà, ohun tí wọ́n ń pe òmíràn l'Ékìtì lè yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn. Orúkọ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, kọ ọ́. Ọfọ̀ tó bá a rìn, bi ìyá rẹ bóyá kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ló ni ín.

Ọmọ Ẹlẹ́wé Bódè:
Ẹ ṣé, màmá. Mo máa bi wọ́n kí n tó kọ ohunkóhun. Tó bá ti gbẹ tán, báwo ni kí n ṣe lẹ̀ ẹ́ tí kòkòrò ò fi ní jẹ ẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko:
Ẹ má lo sẹlotéèpù, á pọ́n, á sì ṣí. Gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ewé ló dáa, tàbí kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀ka tó le mọ́ béébà. Ní ti kòkòrò, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan níbi tí iná kì í ti í lọ púpọ̀. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí ara rẹ̀ á fi kúrò ní tútù, kí omi má baà sẹ̀ sí i.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ já ẹ̀ka méjì lára igi kan náà. Ọ̀kan tiyín, ẹ gbé ìkejì lọ sí Forest Herbarium, ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, tó wà ní FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba, ní Jericho, Ìbàdàn kan náà tí ẹ wà. Àwọn ewé gbígbẹ láti gbogbo Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, wọ́n lè fi tiyín wé tiwọn kí wọ́n sọ orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ fún yín. Ẹ máa rí i pé orúkọ Yorùbá wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọmọ Ẹlẹ́wé Bódè:
Mi ò mọ̀ pé ó sún mọ́ mi tó yẹn. Méjì méjì ni màá máa já nígbà náà. Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí pílíwúùdù náà ṣe nípọn tó?

Káfíńtà Ṣakí:
Ìdajì íǹṣì, àǹtí. Tó bá fi kéré sí i, rọ́bà á fà á tẹ̀.