Kí ni rédíò tàbí fóònù ti mú yín gbà gbọ́ rí, tí ojú wá tì yín?

Bọ̀dé Òkè-Àró
Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi tèmi lélẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa tijú. Oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni, ìgbà Ebola. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni fóònù bàbá mi dún. Àǹtí wa kan ló ń pè láti Èkó. Wọ́n ní kí gbogbo ilé dìde, ká fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí kò bá ṣe é, kó má sọ pé wọn ò sọ fún òun. Wọ́n ní ọba kan ló pàṣẹ. Ta ló bèèrè ọba wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí iyọ̀ ti kan ojú abẹ yín rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi, tí dókítà ti ní kí wọ́n jìnnà sí iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, gbé odidi ife kan mu. Nígbà tó yá ni rédíò ń kéde pé irọ́ ni, pé àwọn kan ti bá omi iyọ̀ náà lọ níbòmíràn. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó yá, tiyín dà?

Sísí Ìjòkà
Iyọ̀ tán nílé wa lóru ọjọ́ náà. Maggi ni màmá wa rún sínú garawa. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́kadà Arákàlẹ̀
Àbájọ tí ẹ fi ń ta sánsán títí dòní.

Ìyá Táyọ̀, ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún
Ti iyọ̀ kéré. Oṣù kẹwàá ọdún 2017 ńkọ́, nígbà tí wọ́n ní sójà ń gún àwọn ọmọ iléèwé lábẹ́rẹ́ tó ń fún wọn ní àrùn monkeypox? Ìlú Oǹdó ni mo wà, nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà mi kan sá wọlé, kò tilẹ̀ kí mi, ó ní, "Ìyá Táyọ̀, ẹ lọ gbé ọmọ yín, wọ́n ti dé!" Mi ò bèèrè pé àwọn wo. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, mo bẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà. Mo ti dé ẹnu géètì iléèwé kí n tó rí i pé bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mi méjèèjì. Èrò ti pọ̀ níbẹ̀ bí ọjọ́ ọjà. Gbogbo ẹni tí mo bi pé ṣé ó fojú ara rẹ̀ rí sójà, "Wọ́n ní" ló fi ń dá mi lóhùn. Ọmọ mi jókòó ní kíláàsì, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Títí di àṣálẹ́ ló fi ń bínú sí mi pé n kò jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán.

Tísà Àgbà
Ẹ̀yin tí ẹ gba ẹnu géètì wọlé, ẹ ṣeun, Ìyá Táyọ̀. L'Ákùrẹ́ níbí, fẹ́ǹsì ni àwọn òbí ń fò. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹgba lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ dá ogun dúró. Bàbá kan gbé ọmọ ọlọ́mọ sá lọ; ó ti dé Ìsìnkàn kí ọmọ náà tó ráyè sọ pé orúkọ òun kọ́ ni Dámilọ́lá. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: àrùn ọ̀hún ti jáde ní Bayelsa ní oṣù kẹsàn-án, àwọn sójà sì ń ṣètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní Anambra. Ohun méjì tí kò bá ara wọn tan, ẹnìkan so wọ́n pọ̀, ó di ìròyìn. Ìjọba ń sẹ́, bí wọ́n sì ti ń sẹ́ ẹ ni ẹ̀rù túbọ̀ ń ba àwọn èèyàn.

Aláìgbàgbọ́
Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Tísà Àgbà
Ìdí ọ̀hún ni wásáàpù, ọ̀gbẹ́ni.

Aláìgbàgbọ́
Ẹ̀yin wà ní gbogbo iléèwé ni? Ìjọba tó ní irọ́ ni yẹn, ṣebí òun náà ló máa ń sọ fún wa pé iná ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ẹni tó ti purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìgbà tó bá sọ òótọ́, báwo ni n ó ṣe mọ̀?

Ìyá Táyọ̀, ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún
Mo bá ọ dé ibẹ̀ yẹn o. Ohun tó gbé mi sórí ọ̀kadà gan-an nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìjàpọ̀
Kì í ṣe àwa nìkan. Lọ́dún 1938, rédíò ṣe eré kan l'Amẹ́ríkà pé àwọn ẹ̀dá abàmì láti Mars ti balẹ̀. Gbogbo ìlú ló tú sígboro, tọmọdé tàgbà ń sá kiri.

Tísà Àgbà
Wọ́n ti rí ìwọ náà mú. Eré náà wáyé lóòótọ́, àwọn kan sì bẹ̀rù, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn ló fẹ̀ ẹ́ lójú. Àwọn tó padà wádìí rẹ̀ rí i pé àwọn tó gbọ́ ọ pàápàá ò tó nǹkan, ká má tíì sọ ti àwọn tó sá. Rédíò ń gba owó ìpolówó mọ́ àwọn oníwèé ìròyìn lọ́wọ́ nígbà náà. Ó wù wọ́n kí aráyé gbà pé rédíò léwu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìjàpọ̀
Háà. Ó tó ogún ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn yẹn kiri.

Àbíkẹ́ Ọ̀bá-Ilé
Mo ti ń ka tiyín, mò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi ò pa mí lẹ́rìn-ín. Màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ń lo oògùn wọn dáadáa tẹ́lẹ̀. Rédíò kékeré kan wà lójú fèrèsé ilé ìdáná wọn, rọ́bà ni wọ́n fi de ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí ìdérí bátìrì ti sọnù. Tó bá ti di aago mọ́kànlá àárọ̀, ọkùnrin kan á bẹ̀rẹ̀: àgbo kan ṣoṣo, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo aromọléegun, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń la ojú, ó ń lé àtọ̀sí, ó sì tún ń ṣe àwọn bàbá lóore lóru. Ohùn ọkùnrin náà dùn, n ò ní purọ́. "Ìyá mi ọ̀wọ́n" ló máa ń pe àwọn tó ń gbọ́ ọ. Màmá ní ẹni tó ń pe òun báyẹn kò lè fẹ́ ibi fún òun. ₦3,500 ni ìgò kan. Wọ́n ra mẹ́rin, wọ́n kó oògùn ọsibítù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n má bàa rí i. Ẹsẹ̀ ló tú àṣírí. Egbò kékeré kan lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, bí ìgbà tí bàtà bá ha èèyàn, kò jinná fún oṣù méjì. Wọ́n gé ìka náà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n pa oògùn tì, wọ́n ní, "Rédíò ni." Èèyàn á rò pé dókítà ni wọ́n ń dárúkọ.

Sísí Ìjòkà
Jésù. Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí.

Ọlọ́kadà Arákàlẹ̀
Mo mọ ètò yẹn. Mo ti ra àgbo yẹn nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́ fún mi.

Ìyá Táyọ̀, ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún
Ó ṣiṣẹ́ báwo?

Ọlọ́kadà Arákàlẹ̀
Mo yàgbẹ́ dáadáa.

Ìyá Táyọ̀, ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún
Ìbẹ́pẹ ò ní gba ₦3,500 lọ́wọ́ rẹ.

Ohùn Orí Afẹ́fẹ́
Mo ti fẹ́ kọjá jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, mi ò ní sọ ilé iṣẹ́ wo. Ẹ gbọ́: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, ọjà ni. Alágbo ló ra á, òun ló kọ ohun tí a ó sọ. Àwọn tó ń pè pé "mo lò ó, ara mi yá," òun náà ló máa ń wá wọn. Obìnrin kan wà tó jẹ́ ará Ọ̀wọ̀, ará Ìkàrẹ́ àti ará Ilé-Olújì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ohùn kan náà, àrùn mẹ́ta. Òfin wà o. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó oògùn wò kó tó jáde. Láti ọdún 2004 ni NBC, àjọ tó ń darí ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sì ti ní kí wọ́n má gbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí jáde mọ́. Nọ́ńbà NAFDAC tí ẹ ń wò lára ìgò ńkọ́? Ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ àgbo: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí àgbo náà ní òun ń wò wò. Ta ló ń ka ìyẹn lórí rédíò? Àwa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, owó oṣù ń pẹ́. Ohun tí a bá rí nínú ìpolówó tí a mú wá la fi ń jẹun.

Àbíkẹ́ Ọ̀bá-Ilé
Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń sọ "ìyá mi ọ̀wọ́n"?

Ohùn Orí Afẹ́fẹ́
Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ irú ẹ̀ rí.

Aláìgbàgbọ́
Ẹ wá wò ó! Èmi ni ẹ ń pè ní aláìgbàgbọ́.

Bọ̀dé Òkè-Àró
Ẹ fi í sílẹ̀, ó kúkú jẹ́wọ́. Alágbo ńkọ́, ta ló mọ ilé rẹ̀?

Bàbá Òkè-Ìjẹ̀bú
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń tàn wá jẹ láti ọjọ́ tó ti dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, wọ́n kéde pé Omoboriowo ló wọlé gómìnà Oǹdó, pé Ajasin tó wà lórí àga gómìnà fìdí rẹmi. Ta ló gbà á? Àwa la dìbò, àwa la dúró ti àpótí, a mọ iye tó wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà ló padà dá Ajasin sípò kí àwọn sójà tó gbàjọba ní ìparí ọdún náà.

Sísí Ìjòkà
Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni asọ̀rọ̀mágbèsì?

Bàbá Òkè-Ìjẹ̀bú
Rédíò ni, ọmọ mi. Á máa sọ̀rọ̀, kò ní gbọ́ èsì.

Sísí Ìjòkà
Ó ti ń ṣe bí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́.

Tísà Àgbà
Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ délẹ̀. Gbogbo ilé tí wọ́n sun l'Ákùrẹ́ nítorí ìbò yẹn, ṣé wọ́n ka ìbò onílé kí wọ́n tó ṣá iná sí i?

Bàbá Òkè-Ìjẹ̀bú
Rárá o. Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa. Ẹnìkan ṣáà nawọ́ sí ilé rẹ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ Omoboriowo ni. Aṣọ àwọn èèyàn wà níbẹ̀ tí kò tíì rán tán. Ṣòkòtò mi kan wà níbẹ̀. Rédíò kọ́ ló sọ ìyẹn. Ẹnu ni.

Bọ̀dé Òkè-Àró
Ẹ kú ìrántí, Bàbá. Àǹtí Àbíkẹ́, màmá ńkọ́ báyìí?

Àbíkẹ́ Ọ̀bá-Ilé
Wọ́n wà dáadáa, wọ́n ti padà sí oògùn wọn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, aago mọ́kànlá ku díẹ̀, wọ́n ní kí n dín ariwo kù, kí àwọn lè gbọ́ nǹkan.

Ohùn Orí Afẹ́fẹ́
Ètò yẹn náà?

Àbíkẹ́ Ọ̀bá-Ilé
Òun náà ni. Mo ti yọ bátìrì inú rédíò yẹn lóṣù tó kọjá. Wọ́n rán ọmọ mi lọ ra òmíràn, wọ́n ní kó má sọ fún mi. Ó fi ṣéńjì ra bisikíìtì.