Láàpútọ́ọ̀pù mi kì í sùn tí mo bá pa á dé, Ubuntu ni mo ń lò

omo_terminal: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo rà, tí mo bá pa á dé tí mo gbé e sínú báàgì, kí danfo tó gbé mi dé Yábàá á ti gbóná janjan, bátìrì á sì ti fẹ́ẹ̀ tán. Skríìnì máa ń kú o, àmọ́ kò sùn. Ó tún máa ń dá jí lóru, mi ò fọwọ́ kàn án. Ṣé kí n kúkú máa pa á pátápátá ni? Iná tá a ní ò ṣeé fi ṣòfò.

baba_kernel: Má wulẹ̀ pa á. Ṣí terminal (ojú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ), tẹ `cat /sys/power/mem_sleep`, kí lo rí?

omo_terminal: s2idle àti deep ni sà, s2idle ló wà láàrin àkámọ́.

baba_kernel: Ehen. Èyí tó wà nínú àkámọ́ ló ń lò, s2idle yẹn kàn ń tòògbé ni, nǹkan kékeré báyìí lè ta á jí. Deep ló ń pa ohun tó pọ̀ jù, tó jẹ́ pé RAM (ibi tí iṣẹ́ tó o ṣí sílẹ̀ wà) ló ṣì ń fún níná. Kọ́kọ́ dán an wò, `echo deep | sudo tee /sys/power/mem_sleep`, pa á dé, ṣí i. Tí kò bá jí, tẹ bọ́tìnì páwà mọ́lẹ̀ kó kú, tó bá tàn padà á ti padà sí s2idle, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá jí dáadáa, fi `mem_sleep_default=deep` sí ìlà GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT nínú fáìlì /etc/default/grub (GRUB ló ń gbé Ubuntu dìde tó o bá tan ẹ̀rọ), kó o ṣe `sudo update-grub`, kó o tún un tàn.

sisi_swap: Ti jíjí lóru yẹn, ẹ fi `cat` wo `/proc/acpi/wakeup`, ibẹ̀ ni orúkọ àwọn ohun tó lè jí ẹ̀rọ wà. USB ni mo fura sí, tẹ́ ẹ bá rí XHC (orúkọ USB níbẹ̀) tó jẹ́ enabled (tó wà ní títàn), `echo XHC | sudo tee /proc/acpi/wakeup` á pa á, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ẹ ti tàn án padà nìyẹn o. Tèmi ò tiẹ̀ ní deep rárá, BIOS ẹ̀ (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Ubuntu tó dé) ò gbé e wá, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ló rí bẹ́ẹ̀, hibernate (kó kó iṣẹ́ tó wà nínú RAM sórí díìsìkì, kó wá kú pátápátá) ni mo fi ń gbé e.

omo_terminal: Deep ti ṣiṣẹ́, ẹ ṣé gan-an. Wáìfáì nìkan ni kì í padà tó bá jí.

baba_kernel: Dírábà ẹ̀ (driver, ètò tó ń darí Wáìfáì) nìyẹn. Fi `lspci -k` wo orúkọ ẹ̀, yọ ọ́ pẹ̀lú `sudo modprobe -r` àti orúkọ yẹn, kó o fi `sudo modprobe` àti orúkọ yẹn dá a padà. Tó bá ṣì ń ṣe agídí, ṣe `journalctl -b -k` (àkọsílẹ̀ ohun tí kernel, ọkàn Ubuntu, ń sọ) kó o lẹ ohun tó bá sọ síbí.